Kọfí Tí Ìyá Sanad Kò Mu

Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá Mutlak ti dé láti bodè, kó má wulẹ̀ da ara rẹ̀ láàmú kó máa bi àwọn aládùúgbò. Kó ṣáà tẹ́tí sí fèrè. Bí ọkùnrin náà bá ti sun oorun ọjọ́ kan nílé, ilẹ̀ ọjọ́ kejì kì í mọ́ tán tí yóò fi kó fèrè sẹ́nu, fíìì! fíìì!, gbogbo ọmọ yóò sì tò síwájú ibùsùn wọn bí àwọn tí wọ́n fẹ́ kó lọ sójú ogun. Yóò wo èékánná. Yóò wo ẹ̀yìn etí. Yóò fi ìka nu ojú fèrèsé, yóò gbé ìka náà sókè, yóò wá wo Hamda ìyàwó rẹ̀ bí ẹni pé obìnrin náà ló lọ ra eruku yẹn lọ́jà.

"Ìyá Sanad, kí nìyí?"

"Eruku ni, Bàbá Sanad. Ó ti ń retí yín láti oṣù tó kọjá. Ẹ kí i."

Ẹni tó bá gbọ́ fèrè yẹn yóò rò pé ọ̀gá àwọn jagunjagun ni. Irọ́ ni o. Sájẹ́ǹtì ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìdí ààrò búrẹ́dì ni ìjọba fi í sí. Òun ló ń ṣe búrẹ́dì pẹlẹbẹ tí gbogbo àwọn tó ń ṣọ́ bodè ń jẹ láàárín aṣálẹ̀. Ó ní ìbọn, ìbọn náà wà lára ògiri, ìyẹ̀fun sì ti kún un lẹ́nu. Ṣùgbọ́n bí ó bá ti dé Zarka, ìlú wọn, tó wọ àdúgbò àwọn sójà, àyà rẹ̀ á yọ síwájú, irun imú rẹ̀ á dúró ṣánṣán, á sì máa pàṣẹ fún ológbò.

Hamda kò bínú sí i. Tàbí ká sọ pé ó bínú títí, ìbínú náà sú u. Nígbà tí wọ́n bí Sanad, bodè ni Mutlak wà. Nígbà tí wọ́n bí Ruba, bodè ni. Nígbà tí àgbá omi já bọ́ láti orí òrùlé, tó lọ bá igi ólífì aládùúgbò jà, bodè náà ni. Hamda ló gun òrùlé. Hamda ló pa ejò tó wọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀, Hamda ló bá ọ̀gá ilé ìwé Sanad fa wàhálà, Hamda ló mọ wáyà tí wọ́n ń gbá létí kí iná tó wá. Bí Mutlak bá wá dé, tó jókòó sórí àga, tó gbé ẹsẹ̀ lé tìmùtìmù, ohun tó máa ń sọ ni pé, "Ilé yìí nílò ọkùnrin."

"Lóòótọ́ ni," Hamda á ní. "Bí ẹ bá rí ọ̀kan lójú ọ̀nà, ẹ bá wa mú un wá."

Bó ṣe wà nìyẹn tí ọ̀rọ̀ Ruba fi dé.

Ọmọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ Nimer, tó ń bá Mutlak ṣiṣẹ́ nídìí ààrò. Nígbà kan tí Nimer gba ìsinmi, Mutlak fi àpò dábínù rán an sílé. Ruba ló ṣílẹ̀kùn. Láti ọjọ́ náà, kò sí ìgbà tí Nimer wálé tí kò rí nǹkan kan tí Mutlak fẹ́ fi ránṣẹ́, títí kan àpò iyọ̀, bí ẹni pé iyọ̀ ti tán ní Zarka. Nígbà tó yá, ọ̀rọ̀ di ọ̀rọ̀ àgbà, àwọn ẹbí Nimer ní àwọn ń bọ̀ wá tọrọ ọmọ ní ọjọ́ Ẹtì. Hamda fọ ilé, ó fọ ògiri, ó tilẹ̀ fọ igi ólífì. Ruba ń kọrin nínú ilé bí rédíò.

Àfi bí tẹlifóònù ṣe dún. Ẹ̀fúùfù ló kọ́kọ́ wọlé, nítorí pé tẹlifóònù kì í mú ní bodè àfi téèyàn bá gun orí ọkọ̀ omi.

"Ìyá Sanad," Mutlak pariwo, "ọ̀rọ̀ kan wà o!"

"Ẹ má sọ ọ́."

"Ọ̀gágun ńlá kan ń bọ̀ wá ṣe àyẹ̀wò wa. Kọ́nẹ́ẹ̀lì ní ẹnìkan gbọ́dọ̀ wà nídìí ààrò. Èmi àti Nimer nìkan la sì mọ ọwọ́ ààrò yẹn. Ó wá ní kí ọkọ ìyàwó máa lọ, kí bàbá ìyàwó dúró."

"Ààrò, ààrò, ààrò! Ṣé ààrò ló bí Ruba ni? Ta ni yóò jókòó síbi tó yẹ kí ẹ jókòó sí?"

"Ẹ̀gbọ́n mi ńkọ́? Bàbá Diyab wà ńbẹ̀."

Hamda gbé tẹlifóònù kúrò létí, ó wò ó bí ẹni wo ẹyin tó ti dibàjẹ́. Bàbá Diyab! Ọkùnrin tó ti ń sọ ọ́ káàkiri láti ọdún mélòó kan pé Diyab ọmọ òun ni Ruba máa fẹ́, pé kí ni wọ́n ń wá ọkọ lóde sí nígbà tí ọmọ ẹ̀gbọ́n wà nílé. Bẹ́ẹ̀, kí ni Diyab ń ṣe? Oorun ni. Bí àwọn àlejò bá dé, tí wọ́n gbé kọfí kalẹ̀ síwájú wọn láìmu, tí wọ́n sọ ohun tí wọ́n wá, ẹni tó bá jókòó síbi ti bàbá ìyàwó nìkan ló lè ní kí wọ́n mu ún. Bí kò bá sọ bẹ́ẹ̀, wọn ò ní mu ún. Wọ́n á dìde, wọ́n á gbọn ìdí aṣọ wọn, ọ̀rọ̀ parí nìyẹn, kọfí á tutù, Ruba á sì di ìyàwó oorun.

Ruba ti gbọ́ gbogbo rẹ̀. Orí ìrẹsì tó ń ṣà ló ń sunkún sí. Hamda ní, "Gbé orí kúrò níbẹ̀, iyọ̀ ti wà nínú rẹ̀." Ṣùgbọ́n àyà tirẹ̀ náà ti já. Ó jókòó ti ọmọ rẹ̀. Gbogbo nǹkan tí ọkọ rẹ̀ kò sí ńlé fún, ó ti ṣe é fúnra rẹ̀, kò sì ráhùn. Ṣùgbọ́n èyí, kò lè bá a ṣe é. Irun imú kò sí lẹ́nu rẹ̀.

Ibi tó ti ń ro èyí ni ojú rẹ̀ ti bọ́ sára ìkòkò kọfí. Ó wò ó. Ó tún un wò. Ó dìde.

"Ṣé ọkùnrin nìkan ló mọ bí wọ́n ṣe ń gbé kọfí kalẹ̀ ni?" ló wí.

Ó kọjá sí ilé Ìyá Fawaz, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó múlé gbè é, ó sọ ohun tó ń bẹ lọ́kàn rẹ̀: kí àwọn obìnrin kó ara wọn jọ, kí wọ́n lọ sí ilé ìyàwó kọ́nẹ́ẹ̀lì ní Zarka Tuntun, kí wọ́n gbé kọfí kalẹ̀ níwájú rẹ̀ bí àwọn àgbààgbà ṣe ń ṣe, kí wọ́n má mu ún àfi tó bá ní Mutlak á wálé. Ìyá Fawaz rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. Lẹ́yìn náà ló lọ wọ bàtà.

Àwọn ìyàwó sájẹ́ǹtì àti kọ́púrà tó kún bọ́ọ̀sì lọ́jọ́ náà, ẹ ò rí irú rẹ̀ rí. Gbogbo wọn wọ ẹ̀wù dúdú gígùn tí wọ́n fi òwú pupa ṣiṣẹ́ sí láyà. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó jókòó, ìjà ti bẹ́, torí pé ipò tí ọkọ bá wà ni ìyàwó náà wà ní àdúgbò wọn, ì báà jẹ́ níbi tí wọ́n ti ń tò láti ra kúnáfà aládùn.

"Èmi ni mo máa jókòó níwájú," Ìyá Fawaz ní. "Ọkọ̀ ogun onírin lọkọ mi ń wà. Ìyẹ̀fun lọkọ tìrẹ ń pò."

"Bí ebi bá pa ọkọ rẹ nínú ọkọ̀ onírin, ṣé irin ló máa jẹ ni?" Hamda dáhùn. "Sún lọ jàre."

Ìyá Hazim, ìyàwó kọ́nẹ́ẹ̀lì, jẹ́ obìnrin gbọ̀ngbọ̀nràn kan tí góòlù ti ọrùn ọwọ́ rẹ̀ gùn dé ìgúnpá. Ọmọbìnrin kan ń bẹ lọ́dọ̀ rẹ̀, Lubna, dókítà eyín, tó ti lé gbogbo ọkọ tó wá bá a dànù. Ọ̀kan, eyín rẹ̀ gùn jù. Ọ̀kan, eyín rẹ̀ ò gùn tó. Òmíràn, eyín rẹ̀ dára, ṣùgbọ́n ó ti rẹ́rìn-ín kó tó dé ẹnu ọ̀nà, Lubna ní ó ń fi ṣakọ. Ọ̀rọ̀ yìí ti fẹ́ gba oorun lójú ìyá rẹ̀. Nígbà tó wá ṣílẹ̀kùn, tó rí ogunlọ́gọ̀ obìnrin nínú ẹ̀wù ọlọ́nà, tí kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín nínú wọn, ojú rẹ̀ tàn díẹ̀. Ó kó wọn wọ pálọ̀. Ó bu kọfí kíkorò fún wọn lọ́wọ́ ọ̀tún, lọ́kọ̀ọ̀kan.

Wọ́n gbà á. Wọ́n sì gbé e kalẹ̀. Kọ̀! Kọ̀! Kọ̀! Kọ̀!

Ìyá Hazim wo ife. Ó wo ojú wọn. Ó wo ife lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó ṣẹ́jú sí ilẹ̀kùn ilé ìdáná, níbi tí Lubna wà.

Hamda wúkọ́. Ó ti kọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sórí nínú bọ́ọ̀sì, láti orí àwọn baba ńlá ẹbí méjèèjì, dórí oore tí ojú ọ̀run ń ṣe fún ilẹ̀, kó tó wá kan ọ̀rọ̀ búrẹ́dì. "Ìyá Hazim," ló wí, "ẹ wò ó, ohun tí a bá wá..."

"Ẹ mu kọfí yín!" Ìyá Hazim ké. "Ẹ mu ún, ẹ̀yin èèyàn mi! Gbogbo ohun tí ẹ bá wá, ẹ ti rí i gbà!" Ó ju orí sẹ́yìn, ó fi ahọ́n ké igbe ayọ̀, lululululu!, tó fi jẹ́ pé aládùúgbò ṣí fèrèsé.

Hamda ṣì fẹ́ máa bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ. Ìyá Fawaz ló já a ní èékánná. "Mu ún! Mu ún kó tó jí lójú oorun!" Hamda da kọfí sọ́fun lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Gbogbo àwọn yòókù dà á sọ́fun.

"Kí Ọlọ́run san án fún yín," Hamda wí, ó ń nu ẹnu. "Ṣé Mutlak á lè dé ní Ọjọ́bọ̀ nígbà náà?"

"Ta ni Mutlak? Mo rò pé Sanad lorúkọ ọmọ yẹn."

"Sanad lọmọ mi. Mutlak lọkọ mi."

Igbe ayọ̀ kú sí Ìyá Hazim lọ́fun. "Ọkọ rẹ?"

"Ọkọ mi ni."

"O kó àwọn obìnrin jọ, o wá tọrọ ọmọ mi fún *ọkọ rẹ*?"

Ilẹ̀kùn ilé ìdáná ṣí díẹ̀, orí Lubna yọ. "Màmá, ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ wo eyín rẹ̀ ná!"

"Wọlé lọ!"

"Ọmọ yín kẹ̀?" Hamda fo dìde. "Kí ló kan ọmọ yín níbẹ̀? Ọkọ mi gan-an ni mo wá tọrọ! Lọ́wọ́ ọkọ yín!"

Ó wá tú gbogbo ọ̀rọ̀ náà palẹ̀: Ruba, ààrò, Bàbá Diyab, ìrẹsì tí omijé ti fi iyọ̀ sí. Ìyá Hazim ń gbọ́, ojú rẹ̀ ń pọ́n. Ó ní kò sóhun tó jọ ọ́. Ó ní ohun tí òun fún wọn kọ́ nìyẹn, ohun mìíràn lòun fún wọn.

"Ìyá Hazim, ẹ ò béèrè," Hamda ní. "Gbogbo ohun tí a bá wá, ẹ̀yin lẹ sọ bẹ́ẹ̀. A sì ti mu ún." Ó da ojú ife dé. Kò sí nǹkan kan tó kán.

Ìyá Hazim wo ife òfìfo. Ó la ẹnu láti bínú, ẹ̀rín ló bá ẹnu jáde. Ẹ̀rín náà gbá a mú níkùn, ó jókòó, góòlù ń dún wóró-wóró lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń fi ọwọ́ gbá itan. "Ó wá tọrọ ọkọ rẹ̀! Ẹ gbà mí!" Nígbà tó rẹ̀ ẹ́, ó nawọ́ mú tẹlifóònù oníwáyà tó lọ tààrà sí ọ́fíìsì ọkọ rẹ̀ ní bodè.

"Bàbá Hazim, sájẹ́ǹtì oníbúrẹ́dì yín, ẹ fi í sílẹ̀ kó máa bọ̀ nílé."

Ohùn kọ́nẹ́ẹ̀lì dé etí gbogbo wọn. "Ìyá Hazim, iṣẹ́ ìjọba lèyí o. Má dá sí i."

"Mo ti ní kí wọ́n mu kọfí."

Ohùn kọ́nẹ́ẹ̀lì lọ sílẹ̀. "Wọ́n ti mu ún?"

"Wọ́n ti mu ún. Ọ̀kan tilẹ̀ ti lá gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ rẹ̀."

Kọ́nẹ́ẹ̀lì mí kanlẹ̀. Ọkùnrin tí odindi bárékè ń gbọ̀n fún ni o. "Ó dáa. N ó wá ẹlòmíràn sídìí ààrò."

Inú Hamda dùn débi pé kò bi ara rẹ̀ léèrè ẹni tí ẹlòmíràn náà á jẹ́.

Ní Ọjọ́bọ̀, ọkọ̀ kọ́nẹ́ẹ̀lì fúnra rẹ̀ já Mutlak sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ó funfun láti orí dé ẹsẹ̀, ẹ ò lè mọ èyí tó jẹ́ eruku nínú rẹ̀ àti èyí tó jẹ́ ìyẹ̀fun. Kò fọn fèrè. Kò wo fèrèsé. Ó ní láti ìgbà tí wọ́n ti gbọ́ pé ọ̀gágun ń bọ̀ lòun kò tíì fojú kan ibùsùn, ó sì sùn sórí àpótí bàtà. Hamda bọ́ bàtà fún un. Ó gba fèrè lọ́rùn rẹ̀, ó gbé e kọ́ sí ìṣó ilé ìdáná.

Ọjọ́ Ẹtì pé, àlejò dé. Àwọn ọkùnrin wọ pálọ̀ iwájú, àwọn obìnrin wọ yàrá ẹ̀yìn. Ìyá Hazim náà wá, ó ní òun fẹ́ fojú òun rí ohun tí kọfí òun rà. Hamda bi ìyá Nimer pé ọkọ ìyàwó dà.

"Ó wà lójú ọ̀nà," ìyá náà ní. "Tẹlifóònù rẹ̀ ò lọ, ẹ ṣáà mọ ọ̀nà bodè."

Hamda fojú sí ihò ilẹ̀kùn. Mutlak jókòó síbi ti bàbá ìyàwó, ó wé ìwérí pupa olójú wẹ́wẹ́ tí àwọn ọkùnrin ibẹ̀ máa ń wé, irun imú rẹ̀ ń dán. Bàbá Diyab jókòó tì í, ojú rẹ̀ le koko. Àgbà ẹbí Nimer gba kọfí, ó gbé e kalẹ̀, ó sì sọ̀rọ̀ gígùn kan tó dùn, tó fi gbogbo òkú ẹbí méjèèjì ṣe ẹlẹ́rìí. Ó parí rẹ̀. Ó wo Mutlak.

Mutlak kò fọhùn.

Wọ́n kọ́kọ́ rò pé ó ń fi ṣe iyì ni. Àgbà náà wúkọ́. Mutlak kò fọhùn. Àwọn àlejò bẹ̀rẹ̀ sí í wo ara wọn. Ọ̀kan ti fẹ́ dìde.

"Ó ń sùn," Hamda sọ wúyẹ́wúyẹ́.

"Ojú rẹ̀ là sílẹ̀!" Ìyá Fawaz ní.

"Bó ṣe ń sùn nìyẹn. Wo irun imú rẹ̀, ó ń lọ ó ń bọ̀."

Ruba di ìdí ẹ̀wù ìyá rẹ̀ mú. Ní pálọ̀, Bàbá Diyab ti ń tún ara rẹ̀ jókòó, ó ń tún ọ̀fun ṣe. "Ẹ̀yin àlejò wa pàtàkì," ló bẹ̀rẹ̀, "níwọ̀n ìgbà tí àbúrò mi kò ti rí ọ̀rọ̀ sọ..."

Obìnrin kì í já wọ àárín àwọn ọkùnrin lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀. Hamda kò já wọ ibẹ̀. Ilé ìdáná ló sá lọ. Ó já fèrè lórí ìṣó, ó gbé ẹnu sí ihò ilẹ̀kùn, ó fi gbogbo agbára tó fi ń gun òrùlé fọn ọ́.

Fíìììì!

Mutlak fò sókè, ó kan sàlúùtù. "Búrẹ́dì ti jinná, sà!"

Àwọn bàbá àgbà bíi mélòó kan láàárín àlejò ti ṣe sójà rí. Àwọn náà ti fò dìde, wọ́n dúró ṣánṣán, ọwọ́ lẹ́bàá itan. Ọ̀kan kò rántí ọ̀pá rẹ̀. Ọ̀rọ̀ Bàbá Diyab já sọ́nà ọ̀fun.

Mutlak wò yíká. Ó wo kọfí. Ó wá mọ ibi tó wà, ojú sì tì í. Ó sọ ọwọ́ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

"Ẹ dákun," ló wí. "Nígbà tí wọ́n bí Ruba, ìdí ààrò ni mo wà. Nígbà tó kọ́kọ́ fẹsẹ̀ rìn, orí ọkọ̀ omi ni mo ti gbọ́. Ìyá rẹ̀ ló tọ́ ọ. Nǹkan kan ṣoṣo ló kù tí mo lè ṣe fún ọmọ yìí, ẹ sì rí i, mo sùn lọ. Ẹ mu kọfí yín. Ọmọ mi ti di ọmọ yín." Ó yíjú sí ilẹ̀kùn. "Ìyá Sanad, ṣé mo ṣe é dáadáa?"

Hamda nu ojú. Ó gbé fèrè sẹ́nu, ó rọra fọn ọ́ lẹ́ẹ̀kan, jẹ́jẹ́: fíì.

Wọ́n mu kọfí. Ilé bú sí ariwo, ahọ́n ń ké lululu, wọ́n ń gbé mansaf, ìrẹsì ẹlẹ́ran, wọlé, Bàbá Diyab ló kọ́kọ́ bu ẹran. Wọ́n kó òrùka jáde. Ìgbà yẹn ni tẹlifóònù ìyá Nimer dún, ẹ̀fúùfù ló kọ́kọ́ wọlé. Ojú Nimer yọ nínú rẹ̀, ìyẹ̀fun dé ìpéǹpéjú rẹ̀.

"Màámi, orí ọkọ̀ omi ni mo wà! Ẹsẹ̀ mi ti kúrò lẹ́nu ọ̀nà bárékè tán nígbà tí kọ́nẹ́ẹ̀lì pè mí padà! Ó ní ẹnìkan gbọ́dọ̀ wà nídìí ààrò!"

Hamda fọwọ́ gbá orí. Gbogbo ojú yí sí Ìyá Hazim.

"Ẹ má wò mí o!" Ìyá Hazim ní. "Kọfí kan, ọkùnrin kan! Mo ti fi tèmi sílẹ̀!"

Wọ́n gbé tẹlifóònù sókè kí Nimer lè rí bí ìyá rẹ̀ ṣe ń fi òrùka sí Ruba lọ́wọ́. Ó ń juwọ́, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń sọ ọ̀rọ̀ kan tí ẹ̀fúùfù gbé lọ. Ọkọ̀ omi bá gbéra pẹ̀lú rẹ̀. Wọ́n rí ojú ọ̀run, wọ́n rí bàtà kan, ojú tẹlifóònù sì ṣú.

Ruba dúró pẹ̀lú òrùka lọ́wọ́. Gbogbo wọn ń retí ẹkún. Ó nu ojú, ó wọ yàrá ìyá rẹ̀ lọ, ó sì jáde pẹ̀lú ẹ̀wù dúdú ọlọ́nà pupa lápá rẹ̀.

"Màámi," ló wí, "bọ́ọ̀sì wo lẹ wọ̀ lọ sí Zarka Tuntun lọ́jọ́ yẹn?"

Ìyá Hazim ti gbé àpò rẹ̀. "Láti òní lọ," ó ń pariwo bó ṣe ń wá bàtà rẹ̀, "tíì ni mò ń fún àlejò nílé mi! Tíì nìkan!"

Hamda wo ọmọ rẹ̀. Kò tíì wọlé ọkọ, ó ti di ìyàwó sójà. Àánú rẹ̀ ṣe é, orí rẹ̀ sì wú, ẹ̀rín àti ẹkún wá ń jà lójú rẹ̀. Ó bá a tún ọrùn ẹ̀wù náà ṣe.

"Mú Ìyá Fawaz dání," ló wí. "Bó bá gbé kọfí wá, má fẹnu kàn án."

"Bó bá wá jẹ́ tíì ló gbé wá ńkọ́?"

"Tíì náà, má mu ún."